Ẹni Tí Kò Kọ́ Nódù Rí, Kó Má Wá Kọ́ Wa ní Kírípítò

Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé láptọ́ọ̀pù wá sí Ìbàdàn, tó háyà gbọ̀ngàn ní Bódìjà tàbí ní Ring Road, tó ní òun fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń fi kírípítò lówó, ohun kan ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í kó tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú: ṣé ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nódù rí? Kí a má bèèrè ọkọ̀ tó ń gùn. Kí a má wo fọ́tò tó yà ní Dubai. Kó ṣí nódù tó kọ́ láti orí sọ́ọ̀sì kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ sọ́fítíwíà, fún wa, kí a rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kó sì sọ ohun tí nódù náà ń yẹ̀ wò fún wa ní èdè tí ìyálọ́jà á gbọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí kì í ṣe ẹni tí à ń san kọ́bọ̀ fún, ì báà pè é ní owó ẹ̀kọ́, ì báà pè é ní owó ìdókòwò.

Ọ̀rọ̀ náà le létí, mo mọ̀, àmọ́ ohun tí ojú wa rí ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 le jù ú lọ. Oṣù yẹn ni CBEX, áàpù kan tó ní òun ń fi kírípítò ṣòwò, dà wó. Wọ́n ti ń ṣèlérí fún àwọn èèyàn pé owó tí wọ́n bá fi síbẹ̀ á di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́. Nígbà tó yá, owó kò ṣeé gbà jáde mọ́. Wọ́n tún wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ kọ́kọ́ san dọ́là 100 tàbí 200 kí wọ́n lè fi yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò. Àwọn tí inú ń bí ya bo ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn níbí, wọ́n gbé àga, wọ́n tú ẹ̀rọ amúlétutù lára ògiri. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé owó tó bá a lọ káàkiri Nàìjíríà ju tírílíọ̀nù náírà kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà tí MMM ti àkáǹtì mọ́ àwọn èèyàn lójú ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Sogúndogójì ni méjèèjì, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀. Kì í sì í ṣe pé òfin kò sí. Oṣù tó ṣáájú, oṣù Kẹta ọdún 2025, ni òfin ìdókòwò tuntun tí wọ́n ń pè ní ISA 2025 jáde, tó sọ irú òwò bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Òfin náà kò tíì pẹ́ nílẹ̀ tí àga fi ń jáde ní Òkè-Àdó.

Àwọn kan ní ojúkòkòrò ló fa gbogbo rẹ̀. Mi ò gbà. Ojúkòkòrò wà, ta ni kò ní in? Ohun tó pa àwọn èèyàn wa ni pé nọ́ńbà ni wọ́n ń wò lójú fóònù, wọ́n sì rò pé owó ni. Dọ́là orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní USDT ni wọ́n fi ń san owó wọlé. Bí ó bá ti wọlé báyìí, iye tí áàpù bá kọ pé ó wà fún ẹ, ẹni tó ni áàpù ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bó bá wù ú, kó kọ mílíọ̀nù. Kò sí ibì kan tí ẹni tó fi owó sílẹ̀ lè lọ wo àkọsílẹ̀ tí kì í ṣe ti oníjìbìtì náà fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá blockchain sílẹ̀ gan-an nìyẹn: kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fi orúkọ ohun tó yẹ kó là wá lójú dì wá lójú.

Oníṣòwò inú ọjà Bódìjà tí kò mọ a tó yàtọ̀ sí b kò ní bá alájọ ṣe é lọ́nà yẹn. Alájọ ní ìwé tirẹ̀, oníṣòwò náà ní káàdì tirẹ̀ nínú ìgbànú. Bí alájọ bá dé, àwọn méjèèjì á jọ sàmì sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, káàdì á jáde. Nódù ni káàdì yẹn, àmọ́ ó tún fi ohun kan jù ú lọ: àkáǹtì gbogbo èèyàn ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe tìrẹ nìkan, ó sì ń yẹ ìṣirò gbogbo wọn wò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Kọ̀ǹpútà lásán ni nódù, tí sọ́fítíwíà kan ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ti Bitcoin ni mo máa fi ṣàlàyé, torí òun ni àgbà gbogbo kírípítò, òun náà sì ni kọ̀ǹpútà tálákà lè gbé. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé tó fi ṣàlàyé rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2008. Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, ìyẹn ojú ewé àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ náà, ní déètì ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2009 lára, nígbà tó sì di ọjọ́ 9 oṣù náà, ó gbé sọ́fítíwíà náà síta tòun ti sọ́ọ̀sì kóòdù rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, búlọ́ọ̀kù tuntun ń dé, gbogbo nódù ní gbogbo ayé sì ń dá yẹ ẹ́ wò: ṣé ìbuwọ́lù ẹni tó ni owó ló wà níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe owó tó ti ná lẹ́ẹ̀kan ló tún fẹ́ ná? Ṣé owó tuntun tó wọlé kò ju iye tí òfin sọ, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ní kọjá mílíọ̀nù 21 láéláé? Búlọ́ọ̀kù tó bá kùnà, nódù á dà á nù. Kò ní bèèrè bóyá olówó ló fi ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2010, ẹnì kan rí ihò nínú kóòdù náà, ó sì fi dá bitcoin tó lé ní bílíọ̀nù 184 nínú búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Ẹ tún un kà: bílíọ̀nù, nínú ohun tí kò gbọdọ̀ kọjá mílíọ̀nù 21. Àwọn tó ń wo nódù tiwọn ló rí i. Láàárín wákàtí díẹ̀, kóòdù tí wọ́n tún ṣe ti jáde, àwọn oní-nódù gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn, owó òfìfo náà sì pòórá bí ẹni pé kò wáyé rí. Ìjọba kankan kò pàṣẹ. Ká ní orí áàpù ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, ta ni ì bá mọ̀?

Nísinsìnyí, kí ló dé tí mo fi ní kí a kọ́ ọ láti orí sọ́ọ̀sì kóòdù? Ṣé kò tó kéèyàn gba èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, kó fi sórí ẹ̀rọ, kó sì máa lọ? Fún oníṣòwò tó kàn fẹ́ tọ́jú owó rẹ̀, ó tó, bó bá ti yẹ fáìlì náà wò dáadáa kó tó ṣí i. Fún ẹni tó fẹ́ máa kọ́ èèyàn, tàbí tó fẹ́ máa bá èèyàn tọ́jú owó, kò tó rárá.

Bó ṣe ń lọ nìyí. O máa fi git fa kóòdù náà wálẹ̀ láti orí ìkànnì GitHub. O máa mú ẹ̀yà tí o fẹ́, o máa wo ìbuwọ́lù tó wà lórí rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ló ti ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni o máa wá àwọn ohun èlò tó nílò: kọ̀ǹpáílà tó ń sọ kóòdù di sọ́fítíwíà, CMake, Boost, libevent, SQLite. Bí ó bá ṣe pé Ubuntu lo ń lò, ìlà kan tàbí méjì ni o máa tẹ̀, wọ́n á wọlé. O máa wá sọ pé kó kọ́ ọ, ojú ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da orúkọ fáìlì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ẹ̀rọ tí RAM tó ṣófo lórí rẹ̀ kò bá tó 1.5 GB á máa mí gúlegúle, ó sì lè kú sí àárín ọ̀nà. Bó bá parí, àyẹ̀wò wà tó ń bá sọ́fítíwíà náà rìn, o máa ṣe é kó tó di pé o tan nódù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 kan náà tí Òkè-Àdó ń gbóná, ẹ̀yà 29 Bitcoin Core jáde, ó sì yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ padà: Autotools àtijọ́ lọ, CMake dé. Ẹni tó ti ń kọ́ ọ mọ̀ lọ́jọ́ náà, torí pé ìlà tó mọ̀ lórí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ń fẹnu lásán kọ́ èèyàn kò mọ̀ dòní.

Nínú wàhálà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ọ̀pọ̀ ni kì í já gaara lẹ́ẹ̀kan. Á ní òun kò rí libevent. Á ní kọ̀ǹpáílà ti gbó jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó, á ka ohun tí ẹ̀rọ sọ, á lọ ka ìwé tó wà nínú fódà doc, á tún un ṣe. Ní ọjọ́ tó bá parí, ó ti mọ ohun tí sọ́fítíwíà náà gbára lé, ó mọ ibi tí wọ́n kọ òfin mílíọ̀nù 21 sí nínú kóòdù, ó sì lè ṣí i hàn ọ́. Ẹ fi èyí wé àwọn kíláàsì tí wọ́n ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbowó, tí ọmọ kò ní ṣe ju kó ṣí àkáǹtì, kó tẹ kóòdù ẹni tó mú un wá, kó sì lọ mú ẹni mẹ́ta mìíràn wá. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Web3. Ìpolówó ọjà ni.

Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ààbò wà níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọ̀dàràn wọ ìkànnì kírípítò kan tó ń jẹ́ Monero, wọ́n sì fi wọ́lẹ́ẹ̀tì tó ń jalè pààrọ̀ èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ìkànnì tòótọ́ ni o, kì í ṣe ayédèrú. Ẹni tó tú àṣírí wọn jẹ́ ẹnì kan láàárín àwọn tó ń lò ó, tó ṣírò hash fáìlì tó gbà, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí a fi ń dá fáìlì mọ̀, tó rí i pé kò bá èyí tí wọ́n kọ síta mu. Ká ní gbogbo èèyàn ń tẹ "gbà á wálẹ̀" bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ níbí ni, ta ni ì bá kígbe?

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín pé sọ́ọ̀sì kóòdù jẹ́ oògùn gbogboǹṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tó ń gbà wọ ẹ̀rọ rẹ̀ láti òkèèrè ń falẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ó tú u wò títí ó fi rí i pé ẹnì kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ojúure ẹni tó ń tọ́jú xz, sọ́fítíwíà kékeré kan tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ Linux, ó sì ti dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí i. Sọ́ọ̀sì kóòdù xz wà ní gbangba ní gbogbo ìgbà yẹn. Ohun tó yẹ kí a fi ọkàn sí ni pé ìlà tó ń jí ìbàjẹ́ náà dìde kò sí nínú ibi ìpamọ́ git tí gbogbo ayé ń wò. Inú àpò fáìlì tí wọ́n dì fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ ni wọ́n fi pamọ́ sí. Nítorí náà, "mo kọ́ ọ láti orí sọ́ọ̀sì" kò tíì tó gbólóhùn. Sọ́ọ̀sì wo? Níbo lo ti fà á? Ta ló buwọ́ lù ú? Ẹni tó bá lè dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti kúrò ní ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí.

Mo ti gbọ́ àtakò oríṣiríṣi. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni pé explorer wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkànnì tí ẹnikẹ́ni lè lọ láti wo bí owó ṣe ń rìn lórí blockchain, kí wá ni ti nódù? Òótọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn tí CBEX jẹ lówó ì bá ti lo explorer lásán láti rí i pé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò dúró sójú kan. Mo tún gbà pé nódù Tron, ọ̀kan lára ibi tí USDT ti ń rìn jù, wúwo ju ohun tí láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé lọ. Àmọ́ ta ló sọ fún wọn pé explorer wà? Ẹni tó kọ́ wọn kò mọ̀ ọ́n, tàbí kó mọ̀ ọ́n kó pa á mọ́. Ẹni tó bá ti kọ́ nódù rí kò ní ṣàìmọ̀ pé àkọsílẹ̀ yàtọ̀ sí nọ́ńbà inú áàpù, torí ohun tó kọ́kọ́ fojú rí nìyẹn. Explorer náà, nódù ẹlòmíràn ni, o ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ ni. Fún nǹkan kékeré, kò burú. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn, ìtìjú ni.

Wọ́n ní iná kò sí. Ta ló fẹ́ jiyàn iná ní Ìbàdàn? Ẹni tí ilé-iṣẹ́ iná IBEDC fi sí Band A ń rí i ju ẹni tó kù lọ, ó sì ń san án ju ẹni tó kù lọ láti oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bí iná bá lọ nígbà tí o ń kọ́ ọ lọ́wọ́, kò bàjẹ́; bí iná bá dé, yóò máa bá a lọ láti ibi tó dé, fáìlì tó ti parí ti parí. Ibi tí iná ti lè ṣe ẹ́ léṣe ni ìgbà tí nódù bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹ̀rọ sì kú lójijì: àkójọ rẹ̀ lè dàrú, o sì lè ní láti tún gbogbo ìṣirò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára ti yanjú ìyẹn. Mo ti rí oní-POS ní Challenge tí sólà kékeré rẹ̀ ń gbé fáànù, gílóòbù àti ẹ̀rọ mẹ́ta láti àárọ̀ dalẹ́. Nódù kò jẹ iná tó bẹ́ẹ̀.

Dátà ni wàhálà gidi, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ Bitcoin láti ọdún 2009 ti kọjá 600 GB. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé o lè gé e kù, kí ẹ̀rọ rẹ má tọ́jú ju 550 MB búlọ́ọ̀kù lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ àyè orí díìsìkì nìkan ni ìyẹn ń dín kù. Gbogbo 600 GB náà ṣì gbọ́dọ̀ gba ojú íntánẹ́ẹ̀tì rẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan kó tó dà á nù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa ra 600 GB?

Kò pọn dandan kó rà á. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ẹnì kan ṣoṣo ní Àgbowó ló nílò láti fà á wálẹ̀. Á kó fódà búlọ́ọ̀kù sórí díìsìkì alágbèéká 1 TB, díìsìkì náà á sì máa yí láti yàrá dé yàrá. Ẹni tó bá gbà á kò ní láti gba ẹni tó ni díìsìkì gbọ́. Ìdí ni pé nódù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ á tún ka búlọ́ọ̀kù náà láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, á sì yẹ ìṣirò wọn wò fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ti fọwọ́ kan nǹkan nínú rẹ̀, nódù á kọ̀ ọ́. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kó kó fódà chainstate mọ́ ọn, torí èsì ìṣirò ẹlòmíràn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, nǹkan bí 144 búlọ́ọ̀kù ló ń dé lóòjọ́, èyí tí dátà èèyàn lásán lè gbé. Bí èyí náà bá ṣì wọ́n, regtest wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi dá blockchain tirẹ̀ sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù láìfi dátà kankan ṣòfò, kó sì máa fi ṣeré.

Àtakò kan tún kù tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi ń rẹ́rìn-ín sí mi: wọ́n ní gbájúẹ̀ náà lè kọ́ nódù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè kọ́ ọ. Ìdánwò yìí kò mú ọlọ́gbọ́n olè. Ọ̀lẹ olè ló ń mú, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù ní ìlú. Ọlọ́gbọ́n olè, àwa tó bá ní nódù la máa mú un.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan ti ìjọba, torí àwọn kan ń rò pé ẹ̀sùn gbájúẹ̀ nìkan ni mo ń kà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, wọ́n ti ọ̀nà tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Feminist Coalition fi ń gba owó ìrànwọ́ pa. Àwọn ọmọbìnrin náà kò jókòó sunkún. Wọ́n bọ́ sórí bitcoin, wọ́n sì gbé BTCPay Server kalẹ̀, sọ́fítíwíà tí sọ́ọ̀sì kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, tó ń bá nódù ẹni tó ni ín ṣiṣẹ́, tí kò sí ọ̀gá báńkì kankan láàárín. Owó ń wọlé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021, báńkì àpapọ̀, CBN, kọ lẹ́tà sí àwọn báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tó ń fi kírípítò ṣòwò. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2023 kí wọ́n tó dẹ okùn náà. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba tún pàṣẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù dí ọ̀nà Binance, ọjà kírípítò orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé ojú Binance nìkan ni wọ́n mọ̀ rò pé kírípítò ti tán. Ẹni tó ní nódù ń wo búlọ́ọ̀kù tuntun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Ẹ sì wo eNaira, náírà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí CBN ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ Bitt láti Barbados ló bá wọn ṣe é, orí sọ́fítíwíà blockchain kan tó ń jẹ́ Hyperledger Fabric ló sì wà. Kóòdù Fabric wà ní gbangba, akẹ́kọ̀ọ́ Poly Ìbàdàn lè kọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Àmọ́ kò sí ọmọ Nàìjíríà lásán tó lè mú nódù tirẹ̀ wọ àwùjọ eNaira kó sì ka iye náírà tó wà níbẹ̀. Báńkì àpapọ̀ ló ni ìwé, báńkì àpapọ̀ ló ni káàdì. Nígbà tí IMF yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 2023, wọ́n rí i pé nínú ọ̀sẹ̀ kan, wọ́lẹ́ẹ̀tì tí kò ṣiṣẹ́ rárá lé ní ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò yà mí lẹ́nu.

Ṣé iṣẹ́ tó lówó lórí wà nínú ohun tí mò ń sọ? Ó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ fi owó tan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Jack Dorsey àti Jay-Z fi 500 bitcoin dá owó Btrust sílẹ̀ ní ọdún 2021 láti ran àwọn tó ń kọ kóòdù Bitcoin lọ́wọ́, ọmọ Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe ìgbìmọ̀ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Abubakar Nur Khalil, kò dé ibẹ̀ nípa mímú ẹni mẹ́ta wá. Kóòdù ló ń kọ. Ẹgbẹ́ náà ṣì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà bí wọ́n ṣe lè ka sọ́ọ̀sì kóòdù Bitcoin kí wọ́n sì tún un ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ìbàdàn ṣe kò tóbi. Yunifásítì Ìbàdàn, UI, ti wà láti ọdún 1948, Poly láti ọdún 1970. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wà ní méjèèjì. Kí wọ́n fi kíkọ́ nódù láti orí sọ́ọ̀sì kóòdù sínú iṣẹ́ àṣefihàn ọdún kẹta, sáà kan péré. Kí ẹ̀ka náà ra díìsìkì méjì, kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ náà síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ wá kó tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọ́fíìsì àjọlò fún àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ní Bódìjà àti lábẹ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ náà lè fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sí kọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n tan nódù sórí rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tó sì máa fi hàn pé a kì í ṣeré nìyí. Láti ẹ̀yà 22 tó jáde ní ọdún 2021, àwọn tó ń ṣe Bitcoin Core ń lo irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Guix. Àwọn èèyàn tó wà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọn kò sí lábẹ́ ọ̀gá kan, á kọ́ ẹ̀yà kan náà láti orí sọ́ọ̀sì kan náà, gbogbo wọn á sì rí fáìlì kan náà, tí ẹyọ kan kò ní yàtọ̀. Oníkálukú á wá buwọ́ lu hash tó rí, á gbé e síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é ló lè fi ìbuwọ́lù tirẹ̀ kún un; wọn kò bèèrè ìwé àṣẹ ìrìnnà, wọn kò bèèrè dọ́là. Mo fẹ́ kí ìbuwọ́lù kan máa wá láti Ìbàdàn lórí gbogbo ẹ̀yà tó bá jáde, kí ọmọ Ìbàdàn tó bá fẹ́ gba sọ́fítíwíà náà lè sọ pé àwọn ọmọ UI tàbí ti Poly ti kọ́ ọ, ohun tí wọ́n rí ló rí yìí. Ẹ̀yà tuntun ń jáde ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ̀yin olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó ń bọ̀. Kò ní dúró de ìpàdé sẹ́nétì.